Gbogbo Àwọn Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Bàbá Ọkọ Ìyá Mi

Kí n tó sọ ohunkóhun, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá mi sí di òní, tó fún mi ní ojú tí mo fi ń kàwé àti ọwọ́ tí mo fi ń kọ ọ́. Mo dúpẹ́ pé inú ilé àdúrà ni wọ́n bí mi sí. Mo dúpẹ́ fún ìlú Warri tó tọ́ wa dàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀. Mo sì dúpẹ́ nítorí ìyá mi, tí ó ti sùn nínú Olúwa, tí ohùn rẹ̀ kò sì tíì kúrò létí mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ń dáná, tí rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí fèrèsé. Oníròyìn ní ìjọba ti yan ọkùnrin kan sí ipò ńlá kan. Ó dárúkọ ọkùnrin náà, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi wí pé, "Ẹ kú oríire o, Bàbá."

Ọmọbìnrin mi gbójú sókè lórí iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀. "Mummy, which Baba?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo pa iná, mo jókòó tì í, mo sì sọ fún un nípa ìyá àgbà rẹ̀ àti gbogbo àwọn ènìyàn ńláńlá tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ kọ síbí.

Orúkọ bàbá àgbà mi, bàbá tó bí bàbá mi, ni orúkọ náà. Orúkọ inú Ìwé Mímọ́ ni, èyí tí wọ́n fún un nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un lọ́mọdé. Ó wọ́pọ̀ gan-an. Bí ènìyàn bá pe orúkọ náà sókè ní Deco Road ní Warri, ó kéré tán ènìyàn mẹ́ta á dáhùn, ọ̀kan nínú wọn á sì bínú pé wọ́n pe òun lásán. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí i nínú ohun tí mo ń kọ yìí. Ọmọ ọmọ kì í la orúkọ bàbá àgbà mọ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí mo bá kọ ọ́, ó dà bíi pé mo tú ohun tí ìyá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ dì.

Ọmọ Ìlàjẹ ni bàbá mi, láti abúlé ẹja pípa kan tó wà lójú omi. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ní apá Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ló ti rí ìyá mi. Nígbà tó mú un wálé, inú bàbá àgbà kò dùn. Ó ní, "Ará òkè tí kò mọ omi rí, tí kò gbọ́ èdè wa, báwo ni yóò ṣe bá wa gbé?" Èdè Ìlàjẹ ni bàbá àgbà máa ń sọ, ṣùgbọ́n èmi tí mo dàgbà sí Warri kò lè kọ ọ́ dáadáa, nítorí náà Yorùbá tí gbogbo wa mọ̀ ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìyá mi kò bá a jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, kò sì pe orúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ní ilé tí ìyá mi ti wá, ìyàwó kì í pe orúkọ bàbá ọkọ. Kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nínú ilé ọkọ rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ó ní láti wá orúkọ mìíràn fún wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni àbúrò bàbá mi tó kéré jù nígbà tí ìyá mi dé. "Akọ̀wé" ni ìyá mi ń pè é, nígbà tí akọ̀wé náà kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń nu imú. Àwọn ìyàwó ilé yòókù kì í ka ọ̀rọ̀ náà sí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà ń wò ó. Kò pẹ́ tó fi di pé bí ẹja bá wà, ti ará òkè ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀.

Bàbá mi kó wa wá sí Ugborikoko ní ẹ̀bá Warri, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ìyá mi gbé máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ sí yàrá iwájú, tẹlifíṣọ̀n sì wà níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé orúkọ bàbá àgbà ló kún inú tẹlifíṣọ̀n náà.

Gómìnà kan ń jẹ́ ẹ. Ìyá mi kò lè pè é, nítorí orúkọ bàbá ọkọ ni, ẹni yòówù kó máa jẹ́ ẹ. Ó di "Bàbá Gómìnà." Adájọ́ kan ń jẹ́ ẹ, òun ni "Bàbá Adájọ́." Ọ̀gágun kan tó ti fẹ̀yìn tì di "Bàbá Ológun." Aláwàdà kan wà, ọmọ Warri gidi, tí a máa ń rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa ro wá, "Bàbá Aláwàdà" nìyẹn. Ìwọ̀nyí ṣì rọrùn. Èyí tó nira ni ti olórin ọ̀dọ́ kan tó dirun, tó fi yẹtí sétí, tí kì í wọ ẹ̀wù. Nígbàkígbà tó bá yọ, ìyá mi á gbé ojú sílẹ̀ sórí aṣọ tó ń rán, á ní, "Ẹ bá mi wo Bàbá. Òtútù ò ní mú wọn báyìí?"

Agbábọ́ọ̀lù kan náà wà. Bóyá ló ju ọmọ ogún ọdún lọ. Lọ́jọ́ kan ó gbá bọ́ọ̀lù kan tó yẹ kó wọlé, ó sì gbá a sókè réré. Gbogbo àdúgbò pariwo èébú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fò sókè, ó ní, "Mummy, your papa-in-law don fall our hand o!"

"Má fi Bàbá ṣeré," ni ìyá mi wí. "Ẹsẹ̀ ló yẹ̀ wọ́n. Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ, ọmọ yẹn lè jẹ́ ọmọ rẹ!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, jàre. Ẹ̀yin lẹ bí bàbá yín ni?"

Lọ́jọ́ kan wọ́n mú olóṣèlú kan ní Àbújá. Wọ́n ní ó kó owó ìjọba jẹ. Òun náà ń jẹ́ orúkọ yìí. Ìyá kan tó ń ta ẹja, ọmọ abúlé bàbá mi, wá wọn búláòsì tí ìyá mi ń rán fún un. Bí ó ṣe wọlé, ìyá mi ń mi orí níwájú tẹlifíṣọ̀n tó ti pa.

"Kí ló dé, ìyàwó wa?"

"Ẹ má dá mi lóhùn. Wọ́n ti mú Bàbá."

"Bàbá wo?"

"Bàbá ọkọ mi. Wọ́n ti gbé wọn dé Àbújá. Wọ́n ní wọ́n jalè."

Kí ìyá mi tó ṣàlàyé, obìnrin náà ti jáde. Pínnì ṣì wà lápá búláòsì tó wọ̀ sára. Etídò ló gbà lọ, ó sì wọ ọkọ̀ tó ń lọ sílé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù bàbá mi dún. Bàbá àgbà ló ń pè.

"Ọmọ mi," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀, "wọ́n ní wọ́n ti mú mi. Ṣé òótọ́ ni?"

Nígbà tí bàbá mi ṣàlàyé fún un tán, a gbọ́ ẹ̀rín bàbá àgbà láti inú fóònù dé ọ̀dọ̀ ìyá mi ní ìdí máṣíìnì. Ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún un. Ó sọ fún un pé, "Ará òkè, gbogbo ayé ló ń pe orúkọ mi bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Ìwọ nìkan lo bá mi tọ́jú rẹ̀. Àní nígbà tí orúkọ náà jalè pàápàá, o ò pè é." Ìyá mi kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú fóònù létí. Láti ọjọ́ náà ni bàbá àgbà ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí yangàn fún gbogbo ẹni tó bá gúnlẹ̀ sí abúlé wọn.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ bí ohun tó tẹ̀ lé e ṣe wúwo tó.

Ìyá mi kò kàwé púpọ̀. Kíláàsì kẹta ló ti kúrò nílé ìwé. Ìjọ Yorùbá tí a ń lọ ní kíláàsì àgbàlagbà ní ọ̀sán Sátidé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ìyá àti bàbá láti ka Ìwé Mímọ́. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ń kọ́ wọn. Bàbá Olùkọ́ ni gbogbo wa ń pè é. Ọdún méjì gbáko ni ìyá mi fi lọ. Á máa fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì, á sì máa pe àmì ohùn lábẹ́nu: dò, rè, mí. Mo ti wà ní ilé ìwé gíga nígbà náà, èmi sì ni mo máa ń gbọ́ ìwé rẹ̀ lẹ́nu. Yorùbá ló fi ń kàwé fún mi, Pidgin ni mo fi ń tọ́ ọ sọ́nà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́. Ó fẹ́ dìde lọ́jọ́ Ìsinmi kan, kó rìn lọ sí iwájú, kó dúró nídìí tábìlì gíga tí wọ́n gbé Ìwé Mímọ́ lé, kó sì ka ẹ̀kọ́ fún ìjọ. Bàbá Olùkọ́ ní ìwé kan tó kọ orúkọ àwọn òǹkàwé sí. Kò tíì sí ẹnì kankan láti kíláàsì Sátidé nínú ìwé náà. Ìyá mi máa ń sọ nínú àdúrà ilé pé, "Olúwa, kí n tó kú, jẹ́ kí n ka ọ̀rọ̀ rẹ fún àwọn ènìyàn rẹ." Àwa ọmọ á ní, "Àmín," a ó sì máa wo ọbẹ̀ tó ń tutù.

Àdúrà náà gbà. Bàbá Olùkọ́ fún un ní ẹ̀kọ́ kìíní fún ọjọ́ Ìsinmi kan. Ó sáré wálé, ó ṣí Ìwé Mímọ́, ó sì wá ibẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan tí wọ́n mú wá síwájú ọba ni. Orúkọ bàbá àgbà ni orúkọ ọkùnrin náà, ó sì jẹyọ nínú ẹ̀kọ́ náà nígbà mọ́kànlá.

Nígbà tí a jọ kà á, mo ní, "Mummy, you jump one word."

"Mi ò fo nǹkan kan. Mo yí i ká ni."

Mo rò pé á pè é tó bá dé iwájú ìjọ. Kò pè é. Gbogbo ibi tí orúkọ náà wà, "Bàbá" ló fi dípò rẹ̀. Èyí ìbá ṣì ṣeé gbà. Ṣùgbọ́n bí ó ti sọ ọkùnrin náà di bàbá ọkọ rẹ̀, kò tún lè pè é ní "ó" mọ́. "Wọ́n" ló ń lò fún un, bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń lò ó fún àgbà. (Ẹ má sì bínú sí èmi tí mo ń lo "ó" fún ìyá mi àti bàbá àgbà mi níbí. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ báyìí.) Ohun tí ìjọ gbọ́ ni pé wọ́n mú Bàbá wá, wọ́n sì bi wọ́n, wọ́n sì dá wọn lóhùn, wọ́n bínú sí wọn, wọ́n sì dè wọ́n.

Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa wí pé, "Ta ló ń de ta?"

Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sínú ìwé orin wọn. Ẹ̀gbọ́n mi bo ojú. Ìyá mi kà á tán láìkọsẹ̀, ó padà wá jókòó, òógùn sì ti mú gèlè rẹ̀ tutù. Ó bi mí pé, "Ṣé mo kà á dáadáa?" Mo ní ó kà á dáadáa. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Olùkọ́ pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Màmá Aránṣọ, ta ni Bàbá?"

"Bàbá ọkọ mi ni, sà."

"Bàbá ọkọ yín wà nínú Ìwé Mímọ́?"

"Orúkọ wọn ni, sà. Mi ò lè pè é."

Bàbá Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ gbọ́ mi. Bí mo bá gbé aṣọ mi wá fún yín, ẹ lè gé etí rẹ̀ kó lè bá mi mu. Ìwé Ọlọ́run kì í ṣe aṣọ. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ la ó ṣe kà á. Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ kan náà lẹ ó kà. Bí ẹ bá pe orúkọ náà, mo máa kọ yín mọ́ àwọn òǹkàwé. Bí ẹ ò bá lè pè é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa kà á."

Ìyá mi kò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Mo yọ̀ǹda fún ọ. Pe orúkọ náà. Kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni orúkọ ni? Ẹni tó ni ín ló lè yọ̀ǹda rẹ̀."

"Jẹ́ kí a pè wọ́n lórí fóònù, kí a tọrọ rẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ orí fóònù kọ́ nìyẹn." Ó wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. "Ẹ ò rí i ni? Ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà mí sínú ilé yín, òun ni mo fẹ́ lọ dá padà fún wọn yìí."

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ náà, ó ní kí n múra, kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Ó ra búrẹ́dì mẹ́rin, ó di ẹ̀wù kan tó ti rán fún un, ó fi ọ̀rá wé Ìwé Mímọ́ lẹ́ẹ̀mejì, a sì lọ sí etídò. Ìyá mi kò fẹ́ràn omi títí tó fi kú. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, á di ọrùn ọwọ́ mi mú, kò sì ní tú u sílẹ̀. Mo ṣì rántí igi ẹ̀gbá tó fi gbòǹgbò dúró sínú omi lápá méjèèjì, òórùn epo àti ti ẹrẹ̀, àti ìyá mi tó ń mi ètè. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà. Nígbà tí mo fetí sílẹ̀, mo gbọ́ pé ẹ̀kọ́ náà ló ń kà láti orí, tó sì ń yí orúkọ náà ká síbẹ̀.

Bàbá àgbà jókòó sórí pákó níwájú ilé rẹ̀ tó wà lórí òpó, ó ń tún àwọ̀n ṣe. "Ará òkè ti dé!" ni ó pariwo. "Ẹni tí kò mọ omi, ó mà tún gba orí omi wá!" Ó wọ ẹ̀wù náà sórí èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó jẹ búrẹ́dì. Ó bèèrè gbogbo wa níkọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ń dáhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gbé e wá kò jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó tẹ̀ mí padà.

Níkẹyìn ó ní, "Bàbá, mo ti mọ̀wé kà."

"Ìwọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ti ní kí n kà á nínú ìjọ."

Bàbá àgbà gbé àwọ̀n sílẹ̀. "Kà á kí n gbọ́."

Ìyá mi tú ọ̀rá kúrò lára Ìwé Mímọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bó ṣe kà á nínú ìjọ. Bàbá àgbà tẹ́tí sílẹ̀, ó di ojú. Nígbà tó yá, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Dúró ná. Wọ́n dè wọ́n. Ta ni wọ́n dè?"

"Bàbá ni, sà."

"Bàbá wo? Bàbá ọba?"

"Rárá, sà. Ọba ló ní kí wọ́n dè wọ́n."

"Ọba ní kí wọ́n de ara wọn?"

"Rárá, sà. Ọkùnrin náà."

"Èwo nínú wọn? O kò dárúkọ ẹnì kankan láti àárọ̀. Kí ni ọkùnrin náà ń jẹ́?"

Ìyá mi wo ilẹ̀. Omi ń lu òpó lábẹ́ wa. Bàbá àgbà wo èmi, ó tún wo ìyá mi, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ṣé èmi ni?" ni ó bèèrè jẹ́jẹ́.

"Orúkọ yín ni, sà. Bàbá Olùkọ́ ní bí mi ò bá pè é, wọn ò ní jẹ́ kí n máa kàwé mọ́. Mo sì ní mi ò ní pè é láìjẹ́ pé ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi. Ẹ má rò pé mo ti fojú di yín." Ó ti ń sunkún.

Bàbá àgbà gbé àwọ̀n rẹ̀ padà sórí itan. Mo rò pé ó ń bínú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohun tó sọ kò bá èyí tí a ń retí mu rárá. Ó ní, "Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n tì mí bọ omi, tí wọ́n fún mi ní orúkọ yìí. Wọ́n ní orúkọ ènìyàn Ọlọ́run ni. Kò sí ẹni tó jókòó ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà fún mi rí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo gbọ́ ti gómìnà. Mo gbọ́ ti ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo gbọ́ ti olè Àbújá. Ti ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, mi ò mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí." Ó na ìka sí ìwé náà. "Padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Pè é. Bí o kò bá pè é, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òun ni?"

Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpótí, ó kúnlẹ̀ sórí pákó, ó gbé Ìwé Mímọ́ sí iwájú rẹ̀. Ó fi ìka tẹ orúkọ náà. Ó pè é.

Bàbá àgbà dáhùn pé, "Hẹ̀ẹ́n."

Ìyá mi dojú bolẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ̀yin kọ́ ni mo pè o!"

"Mo mọ̀. Ẹnu mi ló dáhùn. Kà á lọ."

Nígbà mọ́kànlá ni ó pè é, nígbà mọ́kànlá ni bàbá àgbà dáhùn, títí a fi ń rẹ́rìn-ín, tí àwọn aládùúgbò fi ń yọjú láti wo ohun tó ń ṣe wá. Nígbà tí wọ́n dá ọkùnrin náà sílẹ̀ ní òpin ìtàn, bàbá àgbà mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," ni ó wí. "Ẹ̀rù ti ń bà mí fún un."

Kí a tó padà wọ ọkọ̀, ó kìlọ̀ fún ìyá mi pé, "Inú Ìwé Mímọ́ nìkan ni mo ti yọ̀ǹda rẹ̀ o. Mi ò sọ pé kí o máa bá wọn pè é nínú tẹlifíṣọ̀n."

Ìyá mi ní, "Kí á má rí i, sà."

Lọ́jọ́ kejì, ó dìde nínú ìjọ, ó sì lọ síwájú. Ẹ̀gbọ́n mi ti tún bo ojú. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ geere. Nígbà tó kan orúkọ náà, orí rẹ̀ wọlẹ̀ lẹ́yìn tábìlì gíga náà, ó yọ padà, ó sì pè é ketekete. Nígbà tó tún kàn án, ó tún wọlẹ̀. Ó ń kúnlẹ̀ kí ó tó pè é ni. Àwọn ọmọ kéékèèké tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á. Kò sẹ́ni tó bèèrè ta ló de ta. Bí ó ti ń pa àwọn kan lẹ́rìn-ín ni àwọn ìyá mìíràn ń nu ojú, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe.

Bàbá Olùkọ́ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá Aránṣọ, ṣé orúnkún ló ń dùn yín ni?"

"Rárá, sà. Mo ń kí wọn ni."

"Nígbà mọ́kànlá?"

"Ṣebí nígbà mọ́kànlá ni mo pè wọ́n, sà."

Nígbà náà ni ó rẹ́rìn-ín. Ó fa ìwé rẹ̀ yọ, ó ní kí ìyá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ó kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo rẹ̀. Ó kàwé nínú ìjọ náà títí ojú rẹ̀ fi kọ̀. Gómìnà kan lọ, òmíràn dé, agbábọ́ọ̀lù náà ti fẹ̀yìn tì, ìyá mi kò sì pe orúkọ ẹnì kankan nínú wọn rí.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rántí jù ni àwọn ìrìn àjò tó tẹ̀ lé e. Ìyá mi tó ń sá fún omi wá di ẹni tó ń lọ sí abúlé ní oṣooṣù, pẹ̀lú Ìwé Mímọ́ nínú ọ̀rá. Bàbá àgbà kì í bèèrè wa níkọ̀ọ̀kan mọ́, kì í sì í wo búrẹ́dì. Bí ó bá ti rí ọkọ̀ wa, á ti àwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ kan, á fi ọwọ́ gbá pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, á ní, "Ará òkè, wá jókòó. Kí ló tún ṣẹlẹ̀ sí mi?"

Ìwọ tí o ka èyí dé ìparí, kí Ọlọ́run pa orúkọ rẹ mọ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn rẹ. Kó fún ọ ní ẹni tí yóò bọ̀wọ̀ fún ọ lójú rẹ àti lẹ́yìn rẹ. Ọjọ́ tí Ó bá sì pè ọ́, kí o wà nítòsí láti dáhùn. Àmín.